Sọ́bùwúfà Tó Ń Ké Ohùn Kan Ṣoṣo: Bí Mo Ṣe Tún Àpótí Béèsì Ilé Mi Ṣe

Ọjọ́ Àìkú ni. A ti jẹun ọ̀sán tán, àwọn Ìbejì ti jókòó sórí rọ́ọ̀gì, mo sì ti gbé àpótí tuntun náà sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kàn án. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù bú: gbùm. Wọ́n pa ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n dé: gbùm. Bàálù fò kọjá: gbùm. Ni Kẹ́hìndé bá yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, kí ló tún bú yẹn?" Kò sí ohun tó bú. Bàálù ló kọjá.

Mo dá fíìmù náà dúró, mo fi orin jùjú kan sí i, torí mo mọ bí jìtá béèsì inú orin náà ṣe máa ń rìn. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lára jìtá béèsì máa ń mì nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni à ń kọ ní 41 Hz. Okùn tó tẹ̀ lé e jẹ́ 55, ẹ̀kẹta 73, ẹ̀kẹrin 98. Ẹni tó ta jìtá yẹn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń dá ìyáàlù lóhùn. Nínú pálọ̀ mi, ibi yòówù kó fọwọ́ kàn, ohùn kan náà ló ń jáde. Ìlù tí kò bá lè gbé ohùn sókè kó tún gbé e wálẹ̀ kò lè bá Yorùbá sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ni mo kàn sílé, ó sì dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kàn án, kí ẹ lè rí ibi tí ọwọ́ mi ti yẹ̀.

Wúfà ínṣì 12 ni, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń ké béèsì, irú èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ búùtù ọkọ̀. Àbúrò mi ló yọ ọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó ta ọkọ̀ náà. Gàdàgbà ni wọ́n kọ 1,200 wáàtì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀, 300 wáàtì ni wọ́n ní ó lè máa gbà láìbàjẹ́. Ìwé yẹn ni mo gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye PMPO tí wọ́n máa ń kọ sára rédíò: kì í ṣe agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa lò, ẹ má fi ra ọjà. Áńpù tòkúnbọ̀ oní-wáàtì 250 ni mo rà ní Alaba láti máa tì í, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Odindi pákó MDF kan tó nípọn tó mìlímítà 18 ni mo rà ní ọjà pákó Bódìjà. Bàbá Káfíńtà àdúgbò wa ló bá mi gé e, tí inú àpótí fi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn, 40 ní ìbú, 40 ní òró. Nínú pákó tó ṣẹ́kù la ti gé ojú iwájú kejì tí a lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, kí wúfà má baà máa mì ín, a sì fi igi kan há ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti inú. Gọ́ọ̀mù funfun àti síkúrù la fi dè é. Bàbá po ìyẹ̀fun pákó tó jáde lára ayùn mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n fi rẹ́ gbogbo oríkèé àpótí náà látinú. Mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri inú mẹ́ta. Tí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ ló ń dún bí òkúta. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan tó dún gbọ̀ọ̀.

Páìpù nìkan ni mo fi ojú wọ̀n. Sọ́bùwúfà tó bá ní ihò ní láti ní páìpù tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé gbà jáde. Bàbá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ilé ìtọ̀ ṣe nígbà náà, èéjá páìpù funfun onínṣì 4 sì wà lẹ́yìnkùlé, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ó wọ ihò tí a gé sí ẹ̀gbẹ́ àpótí gẹ́lẹ́ bí ẹni pé tìtorí rẹ̀ la ṣe gé e. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí gbùm yìí ò lọ, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ní ohun tó máa sọ. Bàbá Káfíńtà ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀rọ yín ni kò lágbára tó. Àpótí tèmi ò lẹ́bi." Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ ní kí n wá ra áńpù 1,000 wáàtì. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó lè jẹ́ pé wúfà yẹn ti jóná kí n tó fún yín."

Mo kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ àbúrò mi wò, torí òun ló rọrùn jù. Mo fi mítà wọn wáyà wúfà náà, ó kà 3.6 ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà), fún wúfà oní-ohm 4, ó pé. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ojú rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, mo fetí sí i: kò ha, kò gbó. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní ti áńpù ńlá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, décibel (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) 3 péré ló máa fi kún ohùn. Kí etí tó lè sọ pé ohùn náà ti di ìlọ́po méjì, ó gbà tó ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì. Tí n bá sì rí owó yẹn ná, ohùn kan ṣoṣo yẹn náà ni yóò kàn máa ké sí i. Màmá ìsàlẹ̀, tí òrùlé wọn jẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ wa, ti gòkè wá lẹ́ẹ̀mejì nígbà yẹn. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, àwo mi ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ṣàánú mi." Èmi tí wọ́n ń sọ pé kí n lọ ra 1,000!

Mo wá afẹ́fẹ́ tó ń jò. Mo fi àkísà dí ẹnu páìpù pinpin, mo rọra tẹ wúfà wọlé. Mo gbọ́ fùú nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Mo tan tùràrí kan, mo gbé e lọ síbẹ̀: èéfín tó ń lọ sókè tààrà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí wáyà gbà wọlé. Mo rẹ́ ibẹ̀. Ohùn náà mọ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gbùm ṣì ni gbùm.

Ìdánwò tó tú àṣírí náà kò ná mi ní kọ́bọ̀. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tó lè mú kí fóònù máa ké ohùn kan ṣoṣo ní iye Hz tí ẹ bá yàn. Mo so fóònù mọ́ áńpù, mo yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, mo jókòó sílẹ̀ ní iwájú àpótí. Mo gbé ìka kan lé ojú wúfà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, mo so bébà tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹnu páìpù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 80, mo ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 60, ìka mi ń gbọ̀n dáadáa, bébà náà ń mì díẹ̀. Ní 50, ìka mi ò gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀, bébà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Nígbà tó di 42, wúfà sùn. Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e, agbára káká ni mo fi mọ̀ pé ó ń mì, bẹ́ẹ̀ ni bébà ẹnu páìpù ń ta pàtìpàtì, tí gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n gbọ̀ngbọ̀ngbọ̀n. Mo tún sọ̀ kalẹ̀ sí 30: ojú wúfà ń fò síwá sẹ́yìn bí ẹni tí kò rí nǹkan gbá mú, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohùn kankan. Mo yára pa á. Bí wúfà ṣe ń ya nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ju ti ìgò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò òfìfo á gbọ́ ohùn kan, ohùn náà ò sì ní yí padà àfi tí ẹ bá bu omi sínú ìgò. Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: afẹ́fẹ́ tó wà lọ́rùn ìgò dà bí ẹrù, èyí tó wà nínú ikùn rẹ̀ dà bí sípíríǹgì, àwọn méjèèjì á sì máa fì ní ìwọ̀n kan tí kò ṣeé yí lérò padà. Àpótí agídìgbo náà ní ihò lójú, bẹ́ẹ̀ la kò gbẹ́ ẹ lásán. Lára sọ́bùwúfà, ibi tí páìpù ti ń fì jù ni wúfà ti máa ń sinmi, torí afẹ́fẹ́ inú àpótí dì í mú pinpin. Ìdí nìyẹn tí ìka mi fi lè rí ohun tó jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó ńlá ni mo rò pé yóò sọ ọ́ fún mi. Tí ẹ bá sì lọ sí abẹ́ ìwọ̀n yẹn, afẹ́fẹ́ kàn ń gba páìpù jáde lófo, kò sí ohun tó ń di wúfà mú mọ́.

Bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń wọn àpótí pẹ̀lú wúfà rẹ̀ wá láti ọwọ́ Neville Thiele, ará Ọsirélíà, tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1961, àti Richard Small tó fẹ̀ ẹ́ lójú ní Yunifásítì Sydney ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ni orúkọ wọn wà nínú "T/S" tí ẹ máa ń rí nínú ìwé wúfà. Ìwé tèmi ní wúfà náà fúnra rẹ̀ máa ń fì ní 29 Hz. Nínú páálí ló wà láti ọjọ́ yìí, èmi ni mi ò kà dé ibẹ̀.

Ìṣirò páìpù náà kò le. Fífẹ̀ ihò tèmi jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi 10 lọ́po 10, kí ẹ tún fi 23,562 lọ́po rẹ̀; ó di 2,356,200. Ẹ mú Hz tí ẹ ń fẹ́, ẹ fi lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi iye lítà àpótí lọ́po ìyẹn. Èyí ni ẹ ó fi pín nọ́ńbà àkọ́kọ́. Fún páìpù tó fẹ̀ tó báyìí, ẹ yọ 7.3 kúrò nínú ohun tó bá jáde, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà lóde ẹnu páìpù máa ń bá tinú rẹ̀ fì. Ohun tó kù ni gígùn páìpù ní sẹ̀ǹtímítà. Inú àpótí mi jẹ́ lítà 64. Wúfà, igi àárín àti èéjá páìpù yẹn gba bíi 4 níbẹ̀, ó ku 60. Mo gba ẹ̀yìn ìṣirò náà wọlé: páìpù sẹ̀ǹtímítà 15 nínú lítà 60 jẹ́ 42 Hz. Gẹ́lẹ́ ibi tí wúfà ti sùn.

Ṣùgbọ́n 42 nìkan ò tó láti fi ṣàlàyé bí gbùm yẹn ṣe burú tó. Nǹkan kan tún ń ràn án lọ́wọ́. Mo mú téèpù, mo wọn pálọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 14 ní gígùn, 12 ní ìbú. Mẹ́rìnlá yẹn jẹ́ mítà 4.27. Nínú ooru ilé wa, ohùn ń sáré tó mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín in: 40.9 Hz. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo wò ó, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Yàrá náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgò kan, 41 ló sì ń ké. Páìpù ń ké 42, pálọ̀ ń gbè é ní 41, àpótí wà ní kọ̀rọ̀ tí ó ti lè ta yàrá jí jù, àga wa sì fẹ̀yìn ti ògiri òdìkejì, bí àga ṣe máa ń wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pálọ̀ wa. Lẹ́bàá ògiri ni ohùn irú èyí ti máa ń pọ̀ jù; láàárín gbùngbùn yàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nínú ọkọ̀ àbúrò mi, wúfà yìí dún dáadáa torí inú ọkọ̀ kéré, kíkéré rẹ̀ sì ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè. Pálọ̀ kì í ṣe búùtù.

Mo yan 28 Hz fún páìpù tuntun, tó sún mọ́ 29 inú ìwé wúfà. Mi ò lọ sí 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fíìmù kan máa ń débẹ̀, torí lítà 60 kò lè gbé e pẹ̀lú agbára. Àpótí kékeré, ohùn jíjinlẹ̀, ohùn líle: méjì nínú mẹ́ta lẹ lè rí. Páìpù gígùn tuntun náà yóò gba bíi lítà 3 sí i nínú àpótí, nítorí náà 57 ni mo fi ṣírò: sẹ̀ǹtímítà 45. Gígùn yẹn ju inú àpótí lọ, mo sì ní láti lo páìpù títẹ̀ tí àwọn pùlọ́ḿbà ń pè ní elbow. Ó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 24, ó tẹ̀, ó lọ sókè ní 21, mo ń wọ̀n ọ́n láti àárín ihò. Ẹnu rẹ̀ inú jìnnà sí pákó òkè ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Káfíńtà fi bébà oníyanrìn gbo ẹnu rẹ̀ ìta títí ó fi rí roboto, kí afẹ́fẹ́ má baà máa fọn fùùfùù bó bá ń jáde. Mo tún bébà tíṣù so. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kù díẹ̀ kó tó 28 kí wúfà tó sùn. Mo pariwo, Ìyá Ìbejì sáré jáde láti kíṣìnì.

Ó wá ku yàrá. Mo ní kí a gbé àga kúrò lára ògiri, kó wá sí iwájú díẹ̀. Ìyá Ìbejì wò mí. "Bàbá Ìbejì, ṣé àárín ilé ni àlejò á ti máa jókòó bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò? Àga yìí ò kúrò níbẹ̀ o. Ẹ gbé àpótí yín." Òótọ́ ni wọ́n sọ, òótọ́ náà sì ni ohun tó yanjú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti wá ibi tó yẹ àpótí: ẹ gbé àpótí sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin sí i, kí ẹ wá máa rá kiri ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tí etí yín bá ti gbọ́ ọ dáadáa jù, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé àpótí sí. Táyéwò àti Kẹ́hìndé bá mi rá. A kọjá kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: gbùm. A rá lọ sẹ́bàá ògiri gígùn, gbùm náà ń rẹlẹ̀, nígbà tí a dé àárín ògiri yẹn gan-an, jìtá béèsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo gbọ́ okùn kìíní, mo gbọ́ ìkejì, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ bàtà 7 sí ògiri iwájú, 7 sí tẹ̀yìn: níbẹ̀ àpótí kò lè ta 41 yẹn jí. Ìbú yàrá náà ní tirẹ̀, bíi 48 Hz, ṣùgbọ́n àárín ìbú ni a ń jókòó sí, kì í dé etí wa. Ohun kan ṣoṣo tó le ni pé àárín ògiri gígùn yìí gan-an ni ìlọ́po méjì 41 yẹn, 82, ti máa ń pọ̀. Mo bá fi ibi tí áńpù ti ń dáwọ́ dúró sí 70 Hz, mo fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn sípíkà iwájú. Áńpù náà ní bọ́tìnì kan tó ń gé gbogbo ohun tó bá rẹlẹ̀ ju 25 lọ, mo tẹ̀ ẹ́, kí wúfà má baà tún máa fò lófo. Mo gé rọ́bà táyà sí wẹ́wẹ́ mẹ́rin sábẹ́ àpótí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ, bí ààrá ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n àwo ò jó mọ́. A fẹnu kò pé tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, n óò pa á.

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, a tún fíìmù yẹn fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù bú, ó sì lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àga. Ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n dún bí irin. Kẹ́hìndé nawọ́ sókè sí sílíǹgì kí ohunkóhun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Táyé, bàálù yẹn ti ń bọ̀."

Àpótí náà ò tíì gba ọ̀dà. Omi ò sì gbọdọ̀ kan MDF, ó máa ń wú, nítorí náà ọ̀la ni mò ń lọ ra ọ̀dà dúdú kí òjò tó dé.